Àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀: ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ìtọ́jú ìlera

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹ̀yin apòògùn, ẹ̀yin ará láàbù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àyíká àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ́ síbí láì tíì fojú kan oorun, ẹ kú àìsùn. Mi ò ní dá yín dúró pẹ́.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera pọ̀ ṣe lè fi ìkùnà kọ́gbọ́n. Mo mọ̀ pé bí ẹ ti gbọ́ àkòrí yẹn, ọkàn yín á ti lọ sọ́dọ̀ aláìbìkítà, ẹni tó gbé oògùn ẹlòmíì fún aláìsàn. A óò dé ibẹ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń kọ mí lóminú jù kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Òun gan-an ni gbogbo wa máa ń yìn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Aago méjì òru ti lù. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dí aláìsàn kan lọ́fun, ó ń mí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fà á, ó tàn án, ẹ̀rọ ń kùn ṣùgbọ́n kò fa nǹkan kan. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù kejì, ó gbé tiwọn, ó sáré padà, ó fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà, aláìsàn mí kanlẹ̀. Ó wá ti èyí tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi iṣẹ́ lé ẹni tó wá gbà á lọ́wọ́, kò mẹ́nu ba ẹ̀rọ. Kí ló fẹ́ sọ? Aláìsàn ṣáà ti mí. Lóru ọjọ́ kejì, ẹlòmíì ló na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Àwọn ará wọ́ọ̀dù kejì ńkọ́? Àwọn náà ń wá tiwọn, wọn ò mọ ẹni tó gbé e.

Ta ni ẹ fẹ́ bá wí níbẹ̀? Mi ò rí ẹnì kankan. Kálukú ló ṣe ojúṣe rẹ̀, síbẹ̀ ilé ìwòsàn náà kò gbọ́n ju bó ṣe wà lánàá lọ.

Olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Anita Tucker àti Amy Edmondson, ti wádìí irú nǹkan báyìí. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn 9, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2003. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe o. Ìdíwọ́ wẹ́wẹ́ ni: oògùn tí kò dé, aṣọ ibùsùn tí kò tó, irinṣẹ́ tó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà nínú fáìlì tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì sì máa ń ṣe sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni pé kó wá ọgbọ́n dá sí i, kí aláìsàn ṣáà rí ìtọ́jú, kó sì kọjá síwájú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni lọ bá ẹni tó lè fa gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà tu.

Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí aláìsàn mẹ́fà ń dúró dè, àyè wo ló fẹ́ fi kọ lẹ́tà nípa ẹ̀rọ? Bó bá sì kọ ọ́, ó ti mọ̀ látẹ̀yìnwá pé lẹ́tà náà máa wọ inú fáìlì, fáìlì á wọ inú àpótí, ó parí. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀gá tún máa ń yin irú ẹni bẹ́ẹ̀: “Lágbájá kì í yọ èèyàn lẹ́nu, ó mọ bó ṣe ń yanjú nǹkan fúnra rẹ̀.” A ti sọ ọ́ di ìwà ọmọlúwàbí pé kéèyàn máa fa ìnira mọ́ra láìwí. Níbi iṣẹ́ míì, bóyá kò burú. Níbi tí ẹ̀mí èèyàn wà, ó burú, nítorí ìdíwọ́ tí àwa mẹ́wàá ti fò kọjá láìwí, ẹnì kọkànlá ló máa gbé e ṣubú.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ fi ń rì mọ́lẹ̀ ni ìbẹ̀rù, èyí sì wá dé orí àṣìṣe gan-an. Edmondson kan náà ti ṣe ìwádìí kan ṣáájú, láàrin àwọn ọdún 1990, lórí àṣìṣe oògùn ní wọ́ọ̀dù. Ó rò pé wọ́ọ̀dù tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń bára wọn ṣiṣẹ́ dáadáa ni àṣìṣe máa kéré jù. Òdì kejì ni ìwé fi hàn: níbi tí ọ̀gá ti dára, tí ìrẹ́pọ̀ wà, ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ó yà á lẹ́nu. Ìgbà tó tún un wò fínnífínní ló rí i pé ó jọ pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, wọ́n ń sọ ọ́ ni. Níbi tí ọ̀gá ti le koko, ńṣe ni kálukú ń bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwé wọn wá mọ́ nigínnigín. Látìgbà náà, bí wọ́n bá fi ìwé àṣìṣe tí òdo kún inú rẹ̀ hàn mí, mi ò kí í bá wọn yọ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ tiẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìròyìn náà mọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2017, ó fa oògùn tó ń mú iṣan ara kú sínú síríńjì dípò oògùn tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ọkàn aláìsàn, aláìsàn náà sì kú. Nọ́ọ̀sì náà kò sá, kò bò ó, ó jẹ́wọ́. Ní 2022, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ọ̀ràn. Mi ò sọ pé ohun tó ṣe kéré. Orúkọ oògùn wà lára ìgò, ìkìlọ̀ wà lórí ìdérí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: nọ́ọ̀sì tó bá ka ìròyìn yẹn lónìí, tí nǹkan bá ṣì í lọ́wọ́ lọ́la, ṣé á yára la ẹnu? Ìjìyà tí a fi ń jẹ olóòótọ́ ni gbogbo òpùrọ́ fi ń kọ́gbọ́n.

Àwọn àgbà ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló ṣòro fún wa láti wò. Láti ọdún 1911 sí 1916, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, Ernest Codman, wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á: aláìsàn 337 ló gba ọsibítù kékeré rẹ̀ kọjá, àṣìṣe 123 ló kọ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí Vienna ọdún 1847, nítorí pé ìtàn Ignaz Semmelweis tí gbogbo wa gbọ́ nílé ìwé, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa. Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló wà ní ọsibítù ńlá yẹn. Dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí ní ti àkọ́kọ́, àwọn agbẹ̀bí ló ń gbà á ní ti kejì. Ibà tó ń pa ìyá ọmọ lẹ́yìn ìbímọ ń jà ní ti àkọ́kọ́ ju ti kejì lọ fíìfíì, débi pé àwọn aboyún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé àwọn síbẹ̀. Semmelweis bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn méjèèjì wéra. Ó rí i pé ní ẹ̀ka kejì, ẹ̀gbẹ́ ni àwọn obìnrin ń fi lélẹ̀ bímọ, ní ti àkọ́kọ́ ẹ̀yìn ni. Ó yí i padà. Ikú kò dín. Ó rí i pé àlùfáà tó ń wá gbàdúrà fún ẹni tó ń kú lọ máa ń gba àárín àwọn ìyá ọmọ kọjá, tí ẹnì kan á máa mi agogo níwájú rẹ̀. Ó ní bóyá jìnnìjìnnì ló ń pa wọ́n. Ó bẹ àlùfáà kó gba ọ̀nà míì, kí agogo sì dákẹ́. Ikú kò dín.

Èmi fẹ́ràn ibi agogo yẹn ju ibi ìwẹwọ́ lọ. Wọ́n ti máa ń fo ó nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà lẹ́ẹ̀kan, ó ka òkú, ó rí i pé kò ṣiṣẹ́, ó pa á tì. Gbogbo ìgbìdánwò tó kùnà yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn ọkàn rẹ̀, títí ó fi ku ẹyọ kan. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka wá kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan gé e lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò, tí àpẹẹrẹ àìsàn tó pa á sì jọ ti àwọn ìyá ọmọ, Semmelweis ti ṣe tán láti rí i: ọwọ́ dókítà ló ń gbé e láti ara òkú wá sára alààyè. Láàrin oṣù May, ó ní kí gbogbo wọn máa fọ ọwọ́ nínú omi tí wọ́n po èròjà chlorine mọ́. Ní April, bíi 18 nínú 100 ìyá ló kú ní ẹ̀ka àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di June, kò tó 3.

Ibi tí wọ́n ti máa ń dá ìtàn náà dúró nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé ìmọ̀ náà kò di ti ilé iṣẹ́. Semmelweis kò fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó kún rẹ́rẹ́ títí di 1861. Àwọn tó ta kò ó, ó kọ lẹ́tà sí wọn ní gbangba, ó pè wọ́n ní apààyàn. Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ní Vienna parí ní 1849, wọn ò gbà á padà, ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ló sì kú sí ní 1865. Ẹnì kan kọ́gbọ́n, ikọ̀ kò kọ́ ọ. Àwọn ọ̀gá tó kọ etí dídi sí i jẹ̀bi, mo gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹlẹgbẹ́ tó rí òótọ́ tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òótọ́ lé èèyàn lọ́wọ́, ẹ bá a wá ẹni tó máa bá a gbé e.

Àtisọ̀rọ̀ sókè, ìyẹn ló kàn. Ní March 2005, ní England, wọ́n gbé ìyá ọlọ́mọ méjì kan wọ tíátà fún iṣẹ́ abẹ kékeré kan nínú ihò imú. Wọ́n kùn ún lóorun, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá dí, páìpù tó yẹ kó gbé èémí lọ kò wọlé. Dókítà àgbà mẹ́ta dúró tì í, wọ́n ń gbìyànjú láti ti páìpù náà wọlé, wọ́n tún ń gbìyànjú, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí ìwé iṣẹ́ wọn ní kí wọ́n ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n la ọ̀fun láti iwájú ọrùn. Nọ́ọ̀sì kan ti mọ̀. Ó lọ gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń là á wá, ó sọ fún wọn pé ó ti wà níbí. Wọn ò dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì míì lọ pe ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe pé kí wọ́n fi ibùsùn sílẹ̀. Nígbà tó padà wá sọ ọ́, ojú tí wọ́n fi wò ó mú kó rò pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ di ńlá jù, ó bá padà lọ fagi lé e. Obìnrin náà kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ọkọ rẹ̀, Martin Bromiley, awakọ̀ òfuurufú ni. Kò béèrè pé kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ó ní níbi iṣẹ́ tiwa, bí ọkọ̀ bá já, wọ́n á wádìí rẹ̀ kí àwọn tó kù lè mọ̀, ta ló wádìí èyí? Ọpẹ́lọpẹ́ ìbéèrè yẹn la fi mọ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí. Gbogbo ìmọ̀ tí obìnrin náà nílò wà nínú yàrá náà. Kò sí ẹni tí kò kàwé. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, nọ́ọ̀sì sì fi ohùn ẹni tó ń tọrọ àyè sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pa láṣẹ. Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Ẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin ọ̀gá, ìgbà wo ni ọmọ iṣẹ́ kan dá yín dúró kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, pàápàá nígbà tí òun ló ṣì í? Ìgbà tó bá ṣì í gan-an ni ọpẹ́ yẹn wúlò jù, torí pé ibẹ̀ ni àwọn tó kù ti ń wò bóyá àwọn lè tún sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ó yá, ká bọ́ sórí dídán nǹkan wò. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń ṣe é lódì. Wọ́n á jókòó sípàdé, wọ́n á tẹ fọ́ọ̀mù tuntun 5,000, wọ́n á ní láti ọjọ́ Ajé, gbogbo wọ́ọ̀dù ni kó máa lò ó. Lọ́jọ́ Ẹtì, fọ́ọ̀mù ti di ohun tí wọ́n fi ń to nǹkan lé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kékeré débi tó fi ń tini lójú: nọ́ọ̀sì kan, aláìsàn kan, iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ohun báyìí la rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ dán an wò. Lọ́sàn-án, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ tún un ṣe, lọ́la ẹ fún nọ́ọ̀sì méjì. Bó bá bàjẹ́, fọ́ọ̀mù kan ló bàjẹ́. Mo ní láti tẹnu mọ́ ọn pé ètò iṣẹ́ ni mò ń sọ o, bí a ṣe ń fi iṣẹ́ léra wa lọ́wọ́, ibi tí a ń kó nǹkan sí, ẹni tó ń pe ta. Oògùn tuntun tàbí ìtọ́jú tuntun lára èèyàn ní òfin tiẹ̀, ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí i, aláìsàn gbọ́dọ̀ mọ̀, kó sì gbà. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ mi ṣe ti ọwọ́ ara rẹ̀.

Àtúnṣe rere pàápàá lè bí ìkùnà tuntun. Ní 2004, ní ọsibítù Virginia Mason ní Seattle, wọ́n gún omi apakòkòrò sínú iṣan aláìsàn kan dípò omi tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣan, ó sì kú. Bẹ́ẹ̀, kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n pààrọ̀ apakòkòrò wọn. Ti tẹ́lẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹni tó bá rí i mọ̀ ọ́n. Ti tuntun mọ́ gaara bí omi, ó wá wà nínú abọ́ tí kò ní orúkọ lára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi míì tó mọ́ gaara. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ ní ìdí tó dáa. Kò kàn sí ẹni tó dúró wo ohun tí ìpààrọ̀ náà máa fà lórí tábìlì ni. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà hàn fún gbogbo ayé, wọn ò sé e mọ́nú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìpínlẹ̀ Michigan, tí Peter Pronovost àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láti 2004, ní ẹ̀ka ìtọ́jú àkànṣe tó lé ní 100. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló ń kó kòkòrò àìsàn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ohun márùn-ún ni wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe, kò sì sí tuntun nínú rẹ̀: fọ ọwọ́, fi apakòkòrò nu awọ ara, bo aláìsàn àti ara rẹ dáadáa, yàgò fún ojú itan bó bá ṣeé ṣe, yọ páìpù lọ́gán tí kò bá wúlò mọ́. Gbogbo dókítà ló mọ̀ ọ́n. Kí ló wá yàtọ̀? Èkíní, nọ́ọ̀sì gba àṣẹ láti dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀. Èkejì, wọ́n kó gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà nílò sórí kẹ̀kẹ́ kan, torí pé tẹ́lẹ̀, ńṣe ni dókítà ń káàkiri láti wá wọn, ẹni tó bá ti rẹ̀ á fi èyí tí kò rí sílẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀rọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wa. Nínú 1,000 ọjọ́ tí páìpù fi wà lára àwọn aláìsàn, 2.7 ni iye àkóràn tó bọ́ sí àárín láàrin àwọn ọsibítù náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù mẹ́ta, ó ti di òdo. Òdo yìí, mo gbà á, torí pé wọ́n ń kà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé ló ṣe é. Ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ ti àjọ WHO, nígbà tí wọ́n dán an wò ní ọsibítù 8 tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2009, ikú lọ sílẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú 100. Ní Ontario, ní Kánádà, wọ́n ní kí gbogbo ọsibítù máa lò ó, wọ́n wò ó ní 101 nínú wọn, wọ́n sì kéde ní 2014 pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Ìwé kan náà. Àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ojú tèmi ni pé ìwé tí wọ́n ń fi máàkì sí kí ọ̀gá má bàa bínú, kò yàtọ̀ sí ìwé òfo.

Ẹnì kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́ọ̀dù wa ò lówó, a ò sì pọ̀. Ibo la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?” Mo ní kí wọ́n ra ìwé àjákọ kan, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá fò ìdíwọ́ kan kọjá lóru, kó kọ ọ́ ní ìlà kan, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá wọ́ọ̀dù á mú ẹyọ kan ṣoṣo, á tẹ̀ lé e dé gbòǹgbò, á sì kọ ohun tó jáde nínú rẹ̀ sí ojú ewé kan náà, ì báà jẹ́ “wọ́n ní kò sówó”. Bí èsì kò bá padà sínú ìwé yẹn láàrin oṣù kan, kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan sí i mọ́, wọn ò sì jẹ̀bi.

Apòògùn kan tún béèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé ó tó kí a jáwọ́ nínú ohun tí a ń dán wò. Mo ní kẹ́ ẹ ti dá ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé lẹ́yìn tí ẹni tó mú àbá wá bá ti fẹ́ràn àbá rẹ̀, kò sí iye tẹ́ ẹ máa kà tó máa tó o.